Ìwé Ìṣirò tí A Yàn fún Àbúrò Mi

Pírámárì mẹ́rin ni mo kà, mi ò sì fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n léèrè ní Ọjà Igbó nílùú Ògbómọ̀ṣọ́ pé ta ló mọ kajú, ẹ ó gbọ́ ohun tí wọ́n máa sọ. Àwọn tó ń kó kajú lọ sí òkè òkun, tí wọ́n wọ kóòtù, tí wọ́n gbé ẹ̀rọ tó ń wọn ọ̀rinrin dání, èmi ni wọ́n máa ń fà sí ẹ̀gbẹ́ kan pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá wa wò ó." Mo máa wò ó. Ohun tí mo bá sọ, ẹ̀rọ wọn á wá sọ ọ́ lẹ́yìn mi.

Ohun tó gbé mi débẹ̀ kò ju pé ara máa ń fu mí lọ. Ẹni tó bá gbé àpò kajú wá, orí àpò ló máa ń ṣe lọ́ṣọ̀ọ́. Kóró tó tóbi, tó ń dán, ó wà lókè. Èyí tó ti jẹrà, ó wà láàárín. Nítorí náà mi ò kì í wo orí àpò. Irin oníhò kan wà lọ́wọ́ mi tó gùn tó apá, òun ni mo máa ń tì bọ ikùn àpò. Kóró tó bá bá irin náà jáde ni mo máa ń kó fún àwọn obìnrin tó ń bá mi gé e. Wọ́n á gé e sí méjì lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á pín in sí abọ́ mẹ́ta: èyí tó dára, èyí tó lámì lára, èyí tó ti bàjẹ́. Òfin méjì ni mo fi lélẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mi. Èkíní, ẹni tó ń tà kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ọ̀bẹ. Èkejì, àpò tó bá wúwo ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ fura sí i, wọ́n ti wọ́n omi sí i.

Àbúrò mi obìnrin, àbígbẹ̀yìn ìyá wa, òun ló kàwé nínú wa. Kì í ṣe pé ó kàn kàwé, èmi ni mo rán an. Nígbà tí bàbá wa kú, ọmọ ọwọ́ ni òun. Mo fi iléèwé sílẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa kajú kiri oko olóko. Lónìí, olùkọ́ ìṣirò ni ní ilé ẹ̀kọ́ gírámà kan nílùú Ọ̀yọ́, ó sì tún ń lọ kàwé fún oyè kejì ní òpin ọ̀sẹ̀. Bí mo bá wà ní Takie láàárín ìlú wa, tí ẹnìkan ń sọ pé ọmọ òun kàwé, mo máa ń jẹ́ kó sọ ọ́ tán pátápátá, kí n tó wá sọ ti àbúrò tèmi.

Lára ohun tí wọ́n ń kọ́ wọn ni ẹ̀kọ́ kan tí orúkọ rẹ̀ gùn lédè òyìnbó. Ó ti túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Ó ní ìṣirò ni lórí ohun tí a kì í gbé sórí òṣùwọ̀n, tó jẹ́ pé ṣe là ń pín in sí ìsọ̀rí, ká wá ka iye tó bọ́ sí ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan, ká lè mọ̀ bóyá nǹkan kan ní í ṣe pẹ̀lú òmíràn. Akẹ́kọ̀ọ́ yege tàbí kò yege. Aláìsàn gbádùn tàbí kò gbádùn.

Mo ní, "Ohun tí wọ́n ń kọ́ yín níbẹ̀ náà nìyẹn? Abọ́ mẹ́ta mi tó wà ní Ọjà Igbó ńkọ́?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bùrọ̀dá mi, ó kù díẹ̀ lẹ́yìn abọ́."

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó pè mí lórí fóònù. Ó kí mi kú iṣẹ́, ó béèrè ìyàwó mi, ó béèrè àwọn ọmọ, ó tún kí mi kú iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Mo ti mọ̀ pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀.

"Sọ ọ́."

"Bùrọ̀dá mi, mo féèlì."

"Èwo nínú wọn?"

"Ti ìsọ̀rí yẹn. Wọ́n ní n ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí mo bá tún féèlì, wọ́n á yọ orúkọ mi kúrò. Gbogbo ọdún tí mo ti lò níbẹ̀, ó di òfo nìyẹn."

Mi ò bá a sọ púpọ̀ lórí fóònù. Ọmọ tó jẹ́ pé láti kékeré, òun ló ń gba ipò kìíní, òun ló ń kọ́ àwọn ọmọ ẹlòmíì ní ìṣirò! Kò lè ṣàdédé féèlì. Ẹnìkan ló wà nídìí ọ̀rọ̀ yẹn. Ọjọ́ kejì ni mo wọ mọ́tò ní Takie, mo bọ́ sílẹ̀ l'Ọ́yọ̀ọ́, mo gun ọ̀kadà dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Mi ò tíì mu omi tó gbé fún mi tí mo ti bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè.

"Ta ló kọ́ yín?"

"Olùkọ́ wa kan ni."

"Ṣé òun fúnra rẹ̀ mọ̀ ọ́n?"

"Ó mọ̀ ọ́n dáadáa, Bùrọ̀dá mi."

"Ṣé kò sí nǹkan kan láàárín yín? Ṣé o máa ń kí i bó ṣe yẹ?"

"Mo máa ń kí i. Àní ó mọ̀ pé mo jẹ́ tíṣà."

"Hẹ̀n-ẹ́n. Ó mọ̀ pé tíṣà ni ọ́." Mo fi ìyẹn sí ẹ̀gbẹ́ kan. "Ta ló jókòó tì ọ́ lọ́jọ́ ìdánwò?"

"Ìyá kan tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba."

"Ṣé ó yege?"

"Ó yege."

"Ó yege, ìwọ féèlì, ẹ sì jọ jókòó pọ̀."

"Bùrọ̀dá mi, ìyá yẹn ò jí ọpọlọ mi gbé o. Ẹ mu omi yín."

Mo mu omi. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo bi í pé ìwé wo ló fi kà á. Ó dìde, ó wọ yàrá, ó sì gbé ìwé kékeré aláwọ̀ búlúù kan jáde.

Mo mọ ìwé náà. Èmi ni mo rà á. Ọdún tó ṣáájú, nígbà tó sọ fún mi pé ẹ̀kọ́ náà máa bẹ̀rẹ̀, mo wà l'Ọ́yọ̀ọ́ lórí ọ̀rọ̀ kajú, mo sì rí ibi tí wọ́n ti ń ta ìwé fún àwọn ọmọ iléèwé gíga. Mo fi orúkọ ẹ̀kọ́ náà hàn wọ́n lórí fóònù mi. Wọ́n kó oríṣi méjì jáde. Ọ̀kan tóbi, ó wúwo; ẹ̀rù ló jọ. Èkejì fúyẹ́, ó gbẹ, ìbéèrè wà níbẹ̀, ìdáhùn wà nísàlẹ̀ ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Mo gbé méjèèjì lọ́wọ́ ọ̀tún àti lọ́wọ́ òsì. Mo rẹ́rìn-ín sí ọmọ tó ń tà á, mo ní kó gbé ẹ̀rù rẹ̀ padà. Mo gbé èyí tó gbẹ lọ fún àbúrò mi nínú ọ̀rá, mo ní, "Mo ti bá ọ wò ó." Ó kúnlẹ̀, ó dúpẹ́.

Nítorí náà, nígbà tó gbé e jáde, mo ní, "Kì í ṣe ìwé yìí. Ìwé yìí dára."

Ó wo èèpo ìwé náà. Ó ní, "Ẹ ṣeun, Bùrọ̀dá mi."

Mo ní kó sọ ohun tí olùkọ́ wọn ní kí wọ́n kà. Ó fi bébà kan hàn mí. Ìwé mẹ́ta ni ọkùnrin náà kọ síbẹ̀, ó sì ní kí oníkálùkù yan èyí tó bá yé e jù. Ara tún fu mí. Mo ti tajà pẹ́ ju kí ẹnìkan fi orúkọ mẹ́ta lé mi lọ́wọ́, kí n má béèrè èwo nínú wọn ló jẹ́ ti àna rẹ̀.

Mo ní, "Ó mọ èyí tó dára, kò fẹ́ sọ. Ó ń dán yín wò ni, tàbí ó lọ́wọ́ nínú ọjà náà."

"Ó ní ojú tí a fi ń rí nǹkan kò rí bákan náà ni, Bùrọ̀dá mi."

"Ẹni tó ń ta nǹkan ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀. Má ra ohunkóhun. Ọ̀gbẹ́ni kan wà ní Takie tó ń ta ìwé tòkunbọ̀, jẹ́ n bi í. Bó bá ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wá ní Sátidé, ká jọ lọ. Èmi ni mo máa yẹ̀ ẹ́ wò."

Kò sọ pé ó dára, kò sọ pé kò dára. Ó ní òun á wá.

Ọlọ́jà ìwé náà ti tó ẹni ọgọ́ta ọdún. Tíṣà ni kó tó fẹ̀yìn tì, ó so okùn mọ́ awò ojú rẹ̀, ìwé sì kún ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ dé ibi tó jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ lèèyàn máa fi wọlé. Ó ti kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kalẹ̀ kí a tó dé. Ìyẹn náà ò tẹ́ mi lọ́rùn. Ẹni tó bá ti to ọjà sílẹ̀ dè ọ́, ó ti mọ èyí tó fẹ́ kó o rà.

"Ẹ kú àárọ̀ o. Ẹ káàbọ̀, mọ̀dáámú. Sà, ẹ jókòó."

Mo ní, "Mo fẹ́ dúró."

Ìwé kan ní èèpo àwọ̀ ewé, ó nípọn bí búlọ́ọ̀kù. Èkejì pupa, kò nípọn tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kẹta yẹ́lò, ó sì tín-ínrín. Ọlọ́jà gbé ọwọ́ lé aláwọ̀ ewé.

"Èyí ni bàbá wọn. Gbogbo ẹni tó bá ń kọ́ ẹ̀kọ́ yìí, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń padà sí."

Mo gbé e. Apá mi sọ̀kalẹ̀. "Ó wúwo."

"Ìmọ̀ ló wà nínú rẹ̀, sà."

"Tàbí omi."

"Omi kẹ̀?" Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó wo ìwé náà bóyá òjò ti bà á jẹ́. "Kò sí omi níbẹ̀, sà. Ó gbẹ."

Mo ṣí i ní àárín gbùngbùn. Ó sáré na ọwọ́. "Ẹ jẹ́ ká ti ìbẹ̀rẹ̀ bọ̀ ọ́, sà. Ọ̀rọ̀ ìṣáájú rẹ̀ dùn púpọ̀."

"Mo mọ̀ pé ó máa dùn. Ibẹ̀ lẹ kó èyí tó ń dán sí."

Ọkùnrin náà yíjú sí àbúrò mi. "Mọ̀dáámú, kí ni ẹ̀gbọ́n yín ń tà?"

"Kajú ni, sà."

"Mo ti mọ̀! Sà, ìwé nìyí o, kì í ṣe àpò kajú. Kò sí jíjẹrà lábẹ́ rẹ̀."

Mo gbé yẹ́lò. Ó fúyẹ́ lọ́wọ́ mi bí èyí tí mo rà l'Ọ́yọ̀ọ́. Mo ṣí i ní àárín: ìbéèrè, ìdáhùn, ìbéèrè, ìdáhùn. Kò sí àlàyé gbọ̀ọ̀rọ̀gbọọrọ. Inú mi dùn pé mo ti rí i kíá, mo sì rí i pé kì í ṣe èyí tí ọlọ́jà ń polówó. Mo ní kó wé e fún wa.

"Bùrọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́."

Ohùn àbúrò mi ni. Mo yíjú, mo rí i pé ó ti kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ símẹ́ńtì, láàárín àwọn páálí ìwé, pẹ̀lú aṣọ tó wọ̀ wá láti Ọ̀yọ́.

"Kí ló dé? Dìde. Eruku wà níbẹ̀."

"Ẹ má bínú sí mi. Èyí tí ẹ rà fún mi lọ́jọ́sí ni mo fi ṣe ìdánwò. Bí yẹ́lò yìí ló rí gẹ́lẹ́. Gbogbo ìdáhùn inú rẹ̀ ni mo há sórí. Bí mo bá ń kà á nílé, ṣe ló dà bíi pé mo mọ̀ ọ́n. Ìgbà tí mo dé yàrá ìdánwò, wọ́n yí ìbéèrè padà díẹ̀ báyìí, mi ò mọ ibi tí mo lè gbà wọlé. Láti ọjọ́ kìíní ni olùkọ́ wa ti ní ká yẹra fún irú rẹ̀."

"O ò ṣe sọ fún mi?"

"Ẹ̀yin lẹ rà á. Ẹ gbé e wá nínú ọ̀rá, ẹ ní ẹ ti bá mi wò ó. Ẹnu wo ni n ó fi sọ fún yín pé kò dára? Bí mo bá lọ ra òmíràn, tí ẹ wá bá a nílé mi ńkọ́? Mo ní n ó máa kà á bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Bùrọ̀dá mi, ẹ̀ẹ̀kan ló kù fún mi."

Ọlọ́jà ìwé ti kọ ẹ̀yìn sí wa, ó ń fi aṣọ nu ìwé tí kò ní eruku lára.

Inú bí mi. Ohun tó kọ́kọ́ wá sọ́kàn mi ni pé ta ló kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ yìí. Mo wo ẹ̀yìn ọlọ́jà, mo rò ó pé bóyá òun àti olùkọ́ wọn ló ti jọ dì í. Mo rántí ìyá tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba. Mo wá gbogbo wọn yíká nínú orí mi, mi ò rí ẹnìkan tí mo lè gbé e lé lórí, àfi ẹni tó gba ìwé méjì lọ́wọ́ ọ̀tún àti lọ́wọ́ òsì l'Ọ́yọ̀ọ́.

Mo tún ṣí yẹ́lò wò. Ìbéèrè, ìdáhùn. Ìgbà yẹn ni mo tó rí ohun tí ojú mi ò rí nígbà méjèèjì. Ìwé náà ló ń bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè, òun náà ló ń dá ara rẹ̀ lóhùn. Ẹni tó ń tà ló mú ọ̀bẹ dání! Bí obìnrin kan bá gbé àpò kajú wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, tó ní òun ti bá mi gé díẹ̀ nínú rẹ̀ láti ilé, pé gbogbo rẹ̀ ló dára, n ó lé e jáde tàpò-tàpò ni. Èmi náà ló wá ra irú ẹ̀ fún àbúrò mi, tí mo tún rẹ́rìn-ín.

Mo fa àbúrò mi dìde, mo sì gbọn eruku orúnkún rẹ̀. Mi ò sọ pé kó má bínú. Ẹ̀gbọ́n kì í sọ ìyẹn nínú ṣọ́ọ̀bù. Mo kàn ní kó mú bíírò, kó ya páálí kan.

Mo ní, "Mo fẹ́ bi àwọn ìwé yìí ní ohun tí èmi ti mọ ìdáhùn rẹ̀."

Ohun tí mo bi wọ́n, ó ṣẹlẹ̀ sí mi gan-an. Àgbẹ̀ méjì wà tó ń kó kajú fún mi, ọkùnrin kan, obìnrin kan. Àpò méjìlá ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kó wá lọ́dún kan. Nígbà tí ọdún parí, mo ka àpò tó yege lábẹ́ ọ̀bẹ. Mẹ́jọ yege nínú ti ọkùnrin, mẹ́fà péré yege nínú ti obìnrin. Ẹnikẹ́ni ló máa ní kí n lé obìnrin náà dànù, mo sì ti fẹ́ lé e. Ara ló fu mí. Mo padà wo ìgbà tí oníkálùkù kó tiẹ̀ wá. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọkùnrin kó mẹ́wàá wá, mẹ́jọ yege. Obìnrin kó méjì, méjèèjì yege. Nígbà tí òjò dé, ọkùnrin kó méjì wá, kò sí èyí tó yege. Obìnrin kó mẹ́wàá, mẹ́rin yege. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, obìnrin ló dára jù. Nígbà òjò, obìnrin náà ló dára jù. Kìkì ìgbà tí a da ẹ̀ẹ̀rùn pọ̀ mọ́ òjò ni ọkùnrin wá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Àbúrò mi ti fa ilà sí páálí, ó ń kọ iye rẹ̀ sínú àpótí kékeré kékeré bí mo ṣe ń sọ ọ́. Nígbà tó kọ ọ́ tán, ó dá ọwọ́ dúró.

"Bùrọ̀dá mi! Ta ló sọ èyí fún yín?"

"Kajú ló sọ ọ́ fún mi. Ṣé kò sí nínú ẹ̀kọ́ yín ni?"

"Ó wà níbẹ̀! Ó wà lára ohun tí wọ́n bi wá nínú ìdánwò. Tèmi, mo kàn dà á pọ̀ ni."

Ọlọ́jà ti yíjú padà. Ó bẹ̀rẹ̀ wo páálí náà. "Ẹ jẹ́ n rí i. Ọ̀rọ̀ ńlá nìyí o. Ó wà nínú aláwọ̀ ewé, ẹ jẹ́ n ṣí i fún..."

Mo di ìwé náà mú. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bọ́ síta díẹ̀."

"Síta ibo?"

"Síta ṣọ́ọ̀bù."

"Kí n jáde nínú ṣọ́ọ̀bù tèmi?"

Àbúrò mi bẹ̀ ẹ́ pé, "Ẹ má bínú sà, òfin wọn ni. Ẹni tó ń tà kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ọ̀bẹ."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí awò ojú rẹ̀ fi já bọ́ sórí okùn rẹ̀. Ó jáde, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó sì ń pariwo pé, "Ẹ má jí ìwé mi kó o! Mo ti kà wọ́n!"

Yẹ́lò la kọ́kọ́ bi. Àbúrò mi yẹ̀ ẹ́ wò láti òkè délẹ̀, kò sí ohun tó jọ ọ́ níbẹ̀. Gbogbo àpò ni ìyẹn máa ń dà pọ̀. Mo gbé e kúrò níwájú wa. Pupa ni a bi tẹ̀lé e. Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́, ìlà bíi mélòó kan. Àbúrò mi kà á, ó tún un kà, ó kà á lẹ́ẹ̀kẹta, ètè rẹ̀ ń mì.

"Ṣé ó yé ọ?"

"Ó wà níbẹ̀, Bùrọ̀dá mi. Mo máa mọ̀ ọ́n tó bá yá."

"Kì í ṣe ìgbà tó bá yá ni mò ń bi ọ́."

Ó wá ṣí aláwọ̀ ewé. Ó pẹ́ kó tó rí i. Nígbà tó rí i, ó ṣí ojú ewé kan, ó tún ṣí òmíràn, ó fi ìka tẹ̀lé àpótí inú ìwé, ó sì fi ìka kejì tẹ̀lé èyí tó yà sórí páálí. Mo dúró. Ọ̀kadà ń kọjá níta, ọlọ́jà ń bá ẹnìkan sọ pé wọ́n ti lé òun jáde nílé òun. Nígbà tó pẹ́, mo gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo pa á dé, mo gbé e sẹ́yìn mi.

"Ó yá, wí fún mi. Má wo ìwé."

Ó ní, "Ẹ wò ó. Kì í ṣe àgbẹ̀ nìkan ló wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Ìgbà náà wà níbẹ̀, ó fara pamọ́ ni. Ìgbà ló ń pinnu bí kajú ṣe máa rí, ìgbà tí oníkálùkù wọn kó èyí tó pọ̀ jù wá kò sì rí bákan náà. Bí a bá ti fi ìgbà sílẹ̀, tí a da gbogbo rẹ̀ sójú kan, ẹ̀bi òjò la máa gbé lé obìnrin lórí. Nítorí náà, a máa ya àpótí kan fún ẹ̀ẹ̀rùn, a máa ya òmíràn fún òjò, a máa wo ọ̀kọ̀ọ̀kan kí a tó sọ̀rọ̀."

"Bó bá jẹ́ pé aláìsàn ni ńkọ́, tí kì í ṣe kajú?"

"Bákan náà ni. Ọsíbítù tó ń gba àwọn tí àìsàn wọn ti wọra, wọ́n á ní àwọn tó ń kú níbẹ̀ pọ̀. A máa kọ́kọ́ béèrè irú àìsàn tí wọ́n gbé wá."

Mi ò béèrè mọ́. Ọ̀rọ̀ tó sọ yẹn, kò sí nínú ohun tí mo bi í. Ó ti gbé e lọ síbi tí mi ò fi hàn án.

Síbẹ̀, ọkàn mi kò kúrò lára pupa. Òun náà ní ọ̀rọ̀ yẹn nínú, ó sì fúyẹ́ ju aláwọ̀ ewé lọ. Àbúrò mi ní kíláàsì tó ń kọ́, ó ní ọmọ, ó ní ọkọ, ìgbà wo ló máa ka búlọ́ọ̀kù yìí dópin? Tó bá wá jẹ́ pé ọlọ́jà ló mọ̀ọ́mọ̀ gbé ọwọ́ lé e kí ara lè fu mí, kí n lè sá lọ sí òmíràn, kí n tún padà síbẹ̀ ńkọ́? Mo ti rí ọlọ́jà tó gbọ́n tó bẹ́ẹ̀. Mo la ẹnu pé kí n sọ pé pupa ni kó mú. Àbúrò mi ti gba aláwọ̀ ewé lọ́wọ́ mi, ó ti gbé e sí abẹ́ apá. Kò wo ojú mi.

Mo sanwó. Ọlọ́jà ní, "Sà, ṣé mo ti lè wọlé?"

Oṣù tó tẹ̀lé e, kò sí ọjọ́ Àìkú tí kò pè mí lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà míì, ìbéèrè ló máa ní. Bùrọ̀dá mi, àwọn obìnrin tó ń gé e, ṣé ohun tí ẹnìkan pè ní alámì náà ni ẹnìkejì máa ń pè bẹ́ẹ̀? Mo ní ìyẹn náà ti ń bí mi nínú tipẹ́. Ó ní orí kan wà lórí ẹ̀ nínú ìwé náà. Mo ní kó ka ibẹ̀ fún mi lédè wa. Ó kà á. Láti ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo ti ń jẹ́ kí ẹni méjì wo kóró kan náà láìjẹ́ kí wọ́n rí ti ara wọn, kò sì sí ẹlòmíì tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní gbogbo Ọjà Igbó, ẹ lè lọ wádìí.

Nígbà míì kò ní ìbéèrè, ó kàn máa ní ó ti rẹ òun, pé orí kẹfà le. Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ sí orí kẹfà. N ó ní kó jẹun kó tó padà síbẹ̀.

Ọjọ́ tó ṣe ìdánwò náà, mi ò ra àpò kankan. Mo ní ojú ọjọ́ kò dára. Oòrùn ló ń ràn.

Èsì jáde, ó ní òun yege. Mo ní kó má sọ ọ́ lórí fóònù, kó gbé e wá. Ó wá sí Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́jọ́ Sátidé, ó fi hàn mí lórí fóònù rẹ̀. Mo ní ta ló kọ ọ́. Ó ní iléèwé ni. Mo ní kó fi orúkọ rẹ̀ hàn mí níbẹ̀, ó fi hàn mí. Mo ní ṣé kò sí ẹlòmíì tó ń jẹ́ orúkọ náà ní kíláàsì wọn. Ó ní kò sí. Mo ní wọn ò tún ní pè é padà láti sọ pé àṣìṣe ni?

"Bùrọ̀dá mi," ó ní, "mo mọ ohun tí mo kọ síbẹ̀. Kí wọ́n tó gbé e jáde ni mo ti mọ̀ pé mo yege."

Bó ṣe sọ ọ́, kò sí ẹ̀bẹ̀ nínú ohùn rẹ̀, kò sì kúnlẹ̀. Mo wò ó dáadáa. Mo dá fóònù rẹ̀ padà fún un.

Ẹ̀kọ́ mìíràn ti bẹ̀rẹ̀ fún wọn báyìí. Ó ti ra ìwé tiẹ̀. Lẹ́yìn tó rà á tán ló sọ fún mi, mi ò sì tíì fojú rí i. Mo bi í pé ṣé ó yé e. Ó ní ó yé òun. Mo fẹ́ béèrè bí ó ṣe wúwo tó, mo wá ní kó kí ọkọ rẹ̀ fún mi.